Àwòrán méjì ni, àbí mẹ́fà? Ìfiwéra àwọn ìbéèrè alàwòrán fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohùn àdúgbò

Gọ́tà ni a fẹ́ ṣe ní òpópónà wa, ní ìhà ọ̀nà Ọ̀dà níbí ní Àkúrẹ́. Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ti dáwó, ṣùgbọ́n owó náà kò lè ṣe ju oríṣi kan lọ. Ó lè jẹ́ gọ́tà tí wọ́n fi kọnkéré bò látòkè délẹ̀, ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi irin bò ní ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan nìkan. Àwọn ayálégbé kì í sábà wá sípàdé, torí náà wọ́n ní kí n ṣe fọ́ọ̀mù kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ilé á lè fi dá sí ọ̀rọ̀ náà. Mo wá àwòrán mẹ́ta, mo tò wọ́n, mo kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé "Èwo lẹ fẹ́?", mo sì fi líǹkì rẹ̀ sórí WhatsApp àdúgbò. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tí gọ́tà alọ́mọrí fi gba ìbò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ìyá kan wà ní ìkángun òpópónà wa tó ń ta ẹ̀lùbọ́. Fóònù tirẹ̀ kò lè ṣí líǹkì, ni mo bá gbé tèmi lọ bá a. Ó wò ó títí. Ó fi ìka méjì fẹ àwòrán àkọ́kọ́, ó tún fẹ èkejì, ó wá gbójú sókè wò mí.

"Ọmọ mi, oòrùn ló ràn sí èyí. Òjò ló ń rọ̀ sí tọ̀hún, ìdọ̀tí sì kún inú rẹ̀. Ta ni yóò mú èyí tí ìdọ̀tí kún inú rẹ̀?"

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àwòrán gọ́tà alọ́mọrí tí mo rí, ojú ọ̀run mọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Tìgbà òjò ni èyí tó ṣí sílẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sì léfòó lórí omi rẹ̀. Mo rò pé mò ń bi àwọn ènìyàn léèrè ni, àṣé mo ti dá wọn lóhùn kí wọ́n tó la ẹnu. A pa ìbò náà rẹ́, a tún un bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn àdúgbò mìíràn àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ṣe irú fọ́ọ̀mù yìí. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí pé èwo ló dára jù nínú oríṣi ìbéèrè alàwòrán tó wà. Kálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wé ara wọn.

Ṣé àwòrán tiẹ̀ yẹ?

Tí ohun tí ẹ fẹ́ bi àwọn ènìyàn bá ṣeé fojú rí, bíi ìrísí ìsọ̀ ọjà, irú gọ́tà, ibi tí iná òpópónà máa wà, tàbí bí iwájú ilé ẹ̀kọ́ ṣe máa rí, àwòrán ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ sọ pé "ìsọ̀ ìgbàlódé" fún ènìyàn mẹ́wàá ní Ọjà Ọba, ìsọ̀ mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò rí lọ́kàn. Ẹnì kan á rí ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, ẹlòmíì á rí páànù tuntun lórí òpó irin, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ iye tí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá ni ẹ fẹ́ mọ̀, tàbí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àwòrán sílẹ̀, ẹ fẹnu bèèrè. Àwòrán máa ń fa ojú kúrò lára owó.

Méjì-méjì

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, màá sì pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ fi àwòrán méjì hàn, ẹ ní kí ẹni náà mú ọ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ tún gbé méjì mìíràn wá. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, torí bí a ṣe ń ra tòmátì náà nìyẹn. Ẹni tó lọ ra tòmátì kì í fún apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Á gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á yẹ ìsàlẹ̀ wọn wò, á sì mú ọ̀kan. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ nínú ìwé àwọn onímọ̀ pẹ̀lú. Ní 1927 ni L. L. Thurstone, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé bí a ṣe lè ti ara ìfiwéra méjì-méjì díwọ̀n ohun tí kò ní òṣùwọ̀n. Ní 2011, àwọn olùwádìí MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé àwòrán òpópónà méjì-méjì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n mú láti New York àti Boston ní Amẹ́ríkà, àti Linz àti Salzburg ní ilẹ̀ Austria. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i sọ èwo nínú méjèèjì ló jọ ibi tí ọkàn ènìyàn lè balẹ̀ sí. Place Pulse ni wọ́n pe iṣẹ́ náà.

Mo mọyì iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n àwa kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tí kò dé Linz rí lè sọ pé òpópónà ibẹ̀ ń ba òun lẹ́rù. Tí àdúgbò bá ń wá èrò, ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́ la fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, "Òpópónà wo lẹ ń gbé?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù mi, àwòrán tó wà níbẹ̀ ì báà lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àléébù rẹ̀ wà nínú ìṣirò. Àwòrán mẹ́ta máa ń di ìfiwéra 3. Mẹ́rin á di 6, mẹ́fà á di 15, mẹ́wàá á di 45. Kò sí ìyálọ́jà tó máa jókòó tẹ fóònù nígbà 45 nítorí páànù. Tí àwòrán yín bá ti ju mẹ́rin lọ, ẹ má fi gbogbo ìfiwéra han ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ pín wọn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí bíi márùn-ún, kí ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn. Bí All Our Ideas, ìkànnì ìbò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ará Yunifásítì Princeton gbé jáde ní 2010, ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ló ń fi wéra, kì í ṣe àwòrán, ṣùgbọ́n mo jí ohun kan lò níbẹ̀ tí n kò tíì fi sílẹ̀ rí: ó fún ènìyàn láyè láti sọ pé òun kò lè yàn. Ẹ fi "Méjèèjì dọ́gba lójú mi" sí i. Tí kò bá sí i, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò fà sí ìkankan á kàn tẹ èyí tó wà lókè kó lè kọjá.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń dẹ́rù ba àwọn ìgbìmọ̀. Àwọn ènìyàn lè fẹ́ alọ́mọrí ju èyí tó ṣí sílẹ̀ lọ, kí wọ́n fẹ́ èyí tó ṣí sílẹ̀ ju onírin lọ, kí wọ́n sì tún wá fẹ́ onírin ju alọ́mọrí lọ. Ó ń yí po bí ayò ọlọ́pọ́n. Fọ́ọ̀mù kò bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe màgòmágó. Condorcet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1785 pé ó lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti ń yan nǹkan mẹ́ta. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ gbé e lọ sípàdé bó ṣe rí, kí wọ́n fẹnu yanjú rẹ̀. Ẹ má fi ọgbọ́n orí yan ọ̀kan fún wọn.

Gbogbo wọn lójú kan

Ó yá ju méjì-méjì lọ. Ẹ to mẹ́ta sí mẹ́fà, wọ́n mú ọ̀kan, ó tán. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tí mo ń rí ni wọ́n ṣe báyìí, bẹ́ẹ̀ ó ní ọ̀fìn kan tí àwọn tó ń ṣe é kì í kíyè sí.

Ká ní àwòrán ìsọ̀ mẹ́ta ni ẹ gbé kalẹ̀. Méjì jẹ́ oní-bulọ́ọ̀kù, àwọ̀ ọ̀dà nìkan ló yà wọ́n. Ìkẹta jẹ́ òpó irin àti páànù. Àwọn tó fẹ́ bulọ́ọ̀kù máa pín ara wọn sí méjì, irin á sì wọlé pẹ̀lú pé àwọn tó fẹ́ ẹ kò tó ìdajì. Mo ti rí ibi tí ìgbìmọ̀ ti fẹ́ ra irin lórí irú èsì bẹ́ẹ̀. Oògùn rẹ̀ rọrùn: ẹ má sọ pé kí wọ́n mú ọ̀kan, ẹ ní kí wọ́n tẹ gbogbo èyí tí wọ́n lè gbà. Tí mo bá máa lo ọ̀nà yìí rárá, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lò ó.

Lójú fóònù kékeré sì rèé, ẹni tó bá ṣí àwòrán mẹ́fà, méjì àkọ́kọ́ ni yóò rí. Ó gbọ́dọ̀ máa fà á sókè kó tó kan ìyókù, ọ̀pọ̀ kì í sì fà á.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú máàkì

Anton Nelessen, onímọ̀ ètò ìlú ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ̀nà yìí di gbajúmọ̀ láti òpin àwọn ọdún 1970. Á fi àwòrán kan hàn lójú ògiri, kálukú á sì fún un ní máàkì láti -10 dé +10. Nínú fọ́ọ̀mù òde òní, ìràwọ̀ márùn-ún ló sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbí. Àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ tàbùkù iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ọmọ àdúgbò ló ya àwòrán náà, tàbí pé olóyè kan fẹ́ràn rẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́rin, ìràwọ̀ márùn-ún ni wọ́n máa ń fún gbogbo rẹ̀, "ó dára, ẹ kú iṣẹ́." Ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan mú níbẹ̀. Méjì-méjì gba ènìyàn lọ́wọ́ ìtìjú yẹn, torí kò sọ pé ọ̀kan burú, ó kàn mú èkejì ni.

Síbẹ̀, máàkì mọ ohun kan tí méjì-méjì kò mọ̀. Tí àwòrán méjèèjì bá burú, méjì-méjì yóò ṣì mú ọ̀kan jáde, ẹ ó sì máa rò pé aráàlú fẹ́ ẹ. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń so ìbéèrè kan mọ́ ìparí: mo tún gbé àwòrán tí ẹni náà yàn wá, mo ní, "Tí wọ́n bá ṣe èyí síwájú ilé yín, ṣé ẹ lè gbà á?" Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ye mí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó kù

Títò láti orí kìíní dé orí ìkarùn-ún: fífà àwòrán sókè sódò lójú fóònù máa ń sú ènìyàn, n kì í lò ó. Àwòrán "tẹ́lẹ̀ àti báyìí" tí wọ́n ń fi ìka fà sápá kan dára láti fi han àwọn ènìyàn ohun tí iṣẹ́ máa yí pa dà, ṣùgbọ́n ìfihàn ni, kì í ṣe ìbéèrè. Ta ni yóò sọ pé òun fẹ́ tẹ́lẹ̀?

Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú fò ni àwòrán kan ṣoṣo tí ènìyàn á fọwọ́ tẹ ibi kan lórí rẹ̀. "Ẹ tẹ ibi tí omi máa ń dúró sí." Fún àwọn ilé tó wà létí odò Àlà, irú ìbéèrè yìí wúlò ju kí ẹ bi wọ́n léèrè irú gọ́tà tí wọ́n fẹ́ lọ, torí àwọn ni wọ́n mọ ibi tí omi ń gbà wọlé.

Kí àwòrán dọ́gba

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, tí àwòrán kò bá dọ́gba, òfo ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú sì ń rí ohun tí ẹ kò bi í.

Nǹkan kan ṣoṣo ló yẹ kó yà wọ́n, ìyẹn ohun tí ẹ ń bèèrè. Ẹ ya méjèèjì ní àkókò kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ dúró síbi kan náà, kí ẹ gbé fóònù sókè bákan náà. Tí ènìyàn bá wà nínú ọ̀kan, kí ènìyàn wà nínú èkejì. Tí ọ̀kadà bá páàkì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, ẹ dúró kó lọ. Tí ẹ bá fẹ́ fi ìdọ̀tí hàn, kó wà nínú méjèèjì, torí gọ́tà alọ́mọrí náà máa ń gba ọ̀rá, a kàn kì í rí i ni.

Ẹ ṣọ́ra fún àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà. Ó máa ń gbin igi síbi tí igi kò sí, òpópónà inú rẹ̀ kì í ní eruku, ẹni kankan kì í sì gbé igbá lérí níbẹ̀. Ẹ má fi irú rẹ̀ wé fọ́tò gidi láé. Tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló máa ya ọ̀kan, kí ó ya èkejì náà.

Ohun mìíràn wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Agboòrùn ni àmì PDP, ìgbálẹ̀ ni àmì APC. Mo fi àwòrán ọjà kan sí fọ́ọ̀mù nígbà kan, àwọn alátẹ sì ta agboòrùn ńláńlá nínú rẹ̀ nítorí oòrùn. Èsì tí mo rí nínú àpótí àlàyé kò kan ìsọ̀ rárá, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ẹ wo gbogbo igun àwòrán yín dáadáa. Ẹ yọ agboòrùn, ìgbálẹ̀, pátákó ìbò àti ojú olóyè kúrò.

Orúkọ tí ẹ fún àwòrán náà ní agbára tirẹ̀. "1" àti "2" dà bí ẹni pé ẹ ti fún ọ̀kan ní ipò kìíní. "A" àti "B" dà bí èsì ìdánwò. Ọ̀tún àti òsì kò sì dọ́gba létí Yorùbá. Orúkọ èso ni mo máa ń lò, "Àgbálùmọ̀" àti "Àgbọn". Ó rọrùn fún ẹni tó fẹ́ sọ tirẹ̀ lórí fóònù, kò sì gbé ìkankan ga.

Ẹ má ya ilé aládùúgbò yín láti fi ṣe àpẹẹrẹ ohun tí kò dára. Ọkùnrin kan rí géètì ara rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù àdúgbò rẹ̀, lábẹ́ àkọlé "bó ṣe rí báyìí", kò sì bá ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ fún oṣù mélòó kan. Mo rí ìdí tó fi bínú. Ojú ènìyàn àti nọ́ńbà ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ hàn bí ẹni tó ni ín kò bá yọ̀ǹda. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 náà fẹ́ kí a máa bọ̀wọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní kúkúrú: ẹ dín àwòrán kù. Fọ́tò tí fóònù òde òní bá yà lè tó 4 MB, ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ kò ní dúró dè é. Ẹ jẹ́ kó wà ní bíi 150 KB. Ẹ kọ gbólóhùn kan sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sọ ohun tó wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí ojú ń dùn àti ẹni tí kì í dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé.

Google Forms, KoboToolbox, àbí WhatsApp?

Ọ̀fẹ́ ni Google Forms, ó sì lè máa yí ipò àwọn àwòrán pa dà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ tan èyí, torí àwòrán tó bá wà lókè máa ń jẹ àǹfààní. Àwòrán inú rẹ̀ máa ń kéré lójú fóònù. Tí ẹ bá so méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan tí ẹ gbé e sórí ìbéèrè, á tóbi, ṣùgbọ́n kò ní lè yí ipò pa dà mọ́. Fọ́ọ̀mù méjì ni mo máa ń ṣe nígbà náà: Àgbálùmọ̀ á wà lókè nínú ọ̀kan, Àgbọn á wà lókè nínú èkejì, màá sì pín òpópónà sí méjì. Tí ẹ bá ní kí ẹnì kan má dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, yóò ní kí wọ́n wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Google, ẹ ó sì pàdánù ọ̀pọ̀ àgbàlagbà.

KoboToolbox, irinṣẹ́ fọ́ọ̀mù mìíràn tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Yunifásítì Harvard, ni màá mú tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa gbé fóònù káàkiri. Ó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀kì, yóò fi èsì ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá dé, ẹ sì lè kọ ìbéèrè ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni náà mú èyí tó bá fẹ́. Kíkọ́ ọ gba ọjọ́ mélòó kan.

Ìbò orí WhatsApp ló yá jù, òun sì ni mo fọkàn tán kéré jù. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, gbogbo ènìyàn ń rí orúkọ ẹni tó mú èyí àti èyí. Lẹ́yìn tí alága bá ti tẹ tirẹ̀, ta ni ayálégbé tó máa tẹ òdì kejì? Pípín líǹkì fọ́ọ̀mù nìkan ni kí ẹ máa fi WhatsApp ṣe.

Ẹni tí líǹkì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀

Tí ẹ bá ṣe fọ́ọ̀mù nípa Ọjà Ọba, tí ẹ sì tú líǹkì rẹ̀ síta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUTA àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká lè ti fèsì tán kí ẹnì kan tó ní ìsọ̀ níbẹ̀ tó mọ̀ pé nǹkan ń lọ. Ẹ gbé fóònù lọ bá àwọn ọlọ́jà láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀, kí ẹ sì fi fóònù náà sí ọwọ́ wọn. Ọ̀dọ́ tó ń ràn yín lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ìka tọ́ka sí àwòrán, kò gbọ́dọ̀ sọ pé "èyí tó rẹwà yìí ńkọ́, mà?" Kí ó ka ìbéèrè bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ó dákẹ́.

Lẹ́yìn yíyàn kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àpótí kékeré kan sí i: "Kí lẹ rí níbẹ̀ tẹ́ ẹ fi mú un?" Nígbà tí a tún ti gọ́tà ṣe, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kan náà ni mo ya gbogbo àwòrán rẹ̀, mo sì gbé wọn wá ní méjì-méjì. Àpótí yẹn ló ṣí wa lójú. Àwọn ìyá ọlọ́mọ fẹ́ ọmọrí kí ọmọ má baà jìn sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló kọ irú ọ̀rọ̀ kan náà: tí ọ̀rá bá dí i, ta ló máa gbé kọnkéré yẹn sókè? Irin ní ẹnu ọ̀nà nìkan ló borí lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó sì ní àwọn lè gbà á pọ̀.

Mo tún gbé fóònù lọ bá ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Ó fẹ àwòrán náà bó ṣe fẹ ti àkọ́kọ́, kò bá mi sọ̀rọ̀ oòrùn tàbí òjò. Ó fi ìka tẹ ibì kan lẹ́bàá ìsọ̀ rẹ̀.

"Ibí ni mo máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ tí mo bá ti ọjà dé. Ẹ jẹ́ kí irin náà dé ibí."

A jẹ́ kó dé ibẹ̀.